Ìdánwò ABR fún ìgbọ́ràn

Ìdánwò ABR (auditory brainstem response, ìyẹn ìdáhùn ìdí ọpọlọ sí ìró) ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìgbọ́ràn ń gbà mọ bí etí ṣe ń gbọ́ sí láìjẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò la ẹnu rárá. Iná mànàmáná tí iṣan etí àti ìdí ọpọlọ ń mú jáde nígbà tí ìró bá wọlé ni wọ́n ń wọ̀n. Ìdánwò tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí èèyàn ti ń tẹ bọ́tìnì tàbí na ọwọ́ sókè bó bá ti gbọ́ ìró, kò ṣeé lò fún ọmọ ọwọ́, fún ẹni tó dákú, tàbí fún ẹni tí wọ́n fura sí pé ó ń díbọ́n bí adití.

Iná náà kéré gan-an. Kì í sábà tó microvolt 1 (ìdá kan nínú mílíọ̀nù fóòtì kan), nígbà tí iná tí ọpọlọ ń mú jáde fúnra rẹ̀ máa ń tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ iwájú orí àti ẹ̀yìn etí, tí wọ́n á wá gbá ìró kan náà sí etí ní ẹgbẹ̀rún ìgbà tàbí ẹgbàá. Kọ̀ǹpútà á máa ṣe àròpọ̀ ohun tó bá tẹ̀ lé ìró kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ ìdáhùn sí ìró máa ń dé ní àsìkò kan náà, nítorí náà ó ń ga sí i. Èyí tó kàn ń ṣẹlẹ̀ bó ṣe wù ú á máa pa ara rẹ̀ rẹ́. Iná tí ẹran ara ọrùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń mú jáde a sì máa da gbogbo rẹ̀ rú, torí náà oorun ọmọ ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ. Wọ́n sábà máa ń sọ fún ìyá pé kó má jẹ́ kí ọmọ sùn lọ́nà, kó wá fún un lọ́yàn bí wọ́n bá ti lẹ wáyà tán.

Ní ọdún 1971, àwọn olùwádìí Jewett àti Williston to àwọn ìgbì tó ń jáde láti I dé VII. Ìkíní, tó wá láti ara iṣan etí, máa ń yọ lẹ́yìn nǹkan bí mílísẹ́kọ́ǹdù 1.5, ìkarùn-ún á yọ ní nǹkan bí 5.5. Ti ọmọ tuntun máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i, torí iṣan rẹ̀ kò tíì gbó. Bí ìró bá ń lọ sílẹ̀, ìgbì karùn-ún ló ń kẹ́yìn pòórá, òun sì ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ìgbọ́ràn parí sí.

Ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń gba ohùn tí etí inú fúnra rẹ̀ ń dá padà. Bí ìyẹn bá dára tí ABR kò sì yọ, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀nà tí ìró ń gbà láti etí inú dé ọpọlọ, bí iṣan etí, ni ìṣòro wà. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun tó le wà lára ohun tó ń fa irú rẹ̀, nítorí bilirubin, èròjà tó ń mú kí ara ọmọ pọ́n, ń ba iṣan etí àti ìdí ọpọlọ jẹ́. Èyí kan Nàìjíríà gan-an, níbi tí àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ti wọ́pọ̀, tí àwọn kan sì tún ń kó káfúrà, tó lè ba ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́, sáàárín aṣọ ọmọ.

Wọ́n ti máa ń fi ABR wá kókó tó ń hù lára iṣan etí rí, ṣùgbọ́n ó máa ń fo àwọn kéékèèké dá, MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, sì ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí ọpọlọ ni ABR mọ. Kò lè sọ bóyá ìró náà yé ẹni tó gbọ́ ọ. Ìdáhùn ti òkè ọpọlọ, tí olùwádìí Pauline Davis ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1939, máa ń dé lẹ́yìn nǹkan bí mílísẹ́kọ́ǹdù 100. Àgbàlagbà tó ń béèrè owó gbà-máà-bínú nítorí ariwo ibi iṣẹ́ ni wọ́n sábà ń lò ó fún, kò sì gbọ́dọ̀ sùn.