Títóbi píkọ́ọ̀pù kọ́ ni ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé

Ẹni tí ó bá ti dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ìlọrin yóò ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ń tà á: "Àlàájì, ẹ wo bí ó ṣe tóbi tó, kí ni kò ní gbé?" Ọkọ̀ tí wọ́n ń tọ́ka sí sábà máa ń jẹ́ Toyota Tundra, Ford F-150, Chevrolet Silverado tàbí Ram, ìyẹn àwọn píkọ́ọ̀pù ńláńlá tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn ga dé àyà ènìyàn, tí ohùn ẹ́ńjìnnì wọn sì ń mú kí oníbàárà tètè tọwọ́ bọ àpò. Ìgbàgbọ́ tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé bí píkọ́ọ̀pù bá ṣe tóbi tó ni ẹrù tí ó lè rù ṣe pọ̀ tó, àti pé Hilux tí ó kéré sí i lójú kò lè bá a dọ́gba láéláé. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì ti jẹ owó lápò ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, oníṣòwò iṣu àti kọ́ńtírátọ̀ láti Ọ̀fà títí dé Ọmù-Àrán.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Tundra onílẹ̀kùn mẹ́rin tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2007 sí 2021, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) onílítà 5.7, wọn nǹkan bí 2,500 kg kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ní kí ọkọ̀, èrò àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀ má kọjá jẹ́ nǹkan bí 3,200 kg. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ohun tí ó kù jẹ́ nǹkan bí 700 kg, awakọ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá sì jókòó sínú ọkọ̀ wà nínú 700 kg náà. Bí àgbàlagbà márùn-ún bá wọlé, tí a ka ẹnì kọ̀ọ̀kan sí 75 kg, wọ́n ti gba 375 kg, ìyókù kò sì ju 325 kg lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ́dọ̀ wa jẹ́ 50 kg. Àpò mẹ́fà péré, nígbà náà, ni ọkọ̀ gàgàrà yìí lè gbé sẹ́yìn pẹ̀lú èrò márùn-ún. Bí awakọ̀ nìkan bá ni ó wà nínú rẹ̀, ó lè gbé méjìlá. Síbẹ̀, ènìyàn yóò rí irú rẹ̀ lójú ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo pẹ̀lú ọgbọ̀n àpò lẹ́yìn, ìyẹn 1,500 kg, tí ẹni tí ó kó o yóò sì máa yangàn pé ọkọ̀ náà "kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun gbé nǹkan."

Hilux tí wọ́n ń fojú kéré ńkọ́? Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin ni wọ́n ṣe láti gbé nǹkan bí 800 sí 1,000 kg, àwọn onílẹ̀kùn méjì a sì máa kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: Hilux fúnra rẹ̀ fúyẹ́ ju Tundra lọ dáadáa, sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ sì le gan-an, nítorí pé iṣẹ́ ẹrù ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹni tí ó bá jókòó sẹ́yìn Hilux òfìfo lójú ọ̀nà tí kò dára yóò ti mọ bí ó ṣe ń gbé ènìyàn sókè. Ojú kan náà tí líle yẹn ti ń dun ẹni tí ó jókòó ni ó ti ń ran ẹrù lọ́wọ́.

Kí wá ni ó fa àṣìṣe náà? Mo gbà pé ìpolówó ọjà ni ó fà á jù. Nínú ìpolówó tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń ṣe ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè fà, èyí tí ó lè kọjá 4,000 kg lára Tundra V8 tí a mẹ́nu bà lókè. Ẹni tí ó rí 4,000 kg yìí á rò pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ní kí ó kó o sí, bẹ́ẹ̀ tírélà tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀, tí ó ní táyà tirẹ̀, tí ó sì yẹ kí ó ní bíréèkì tirẹ̀, ni wọ́n ń sọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo lè fi ọmọlanke fa àpò ìrẹsì mẹ́wàá jáde láti Ọjà Ìpàta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ní kí ó gbé mẹ́wàá náà rù. Agbára ẹ́ńjìnnì ni a fi ń fa nǹkan. Ṣásí (egungun irin tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀), sípíríǹgì, bíréèkì, táyà àti irin tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ ni ó ń ru ẹrù. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ra ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń fi wọ́n fa ọkọ̀ ojú omi, ilé alágbèéká àti tírélà tí wọ́n fi ń gbé ẹṣin, nítorí náà ohun tí ó bá ìlò wọn mu ni ilé iṣẹ́ ń pariwo. Àwa tí a kì í sábà fa tírélà ni a wá ń ka iye náà sí ti ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ibi tí òótọ́ wà kò jìnnà, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn náà ń pa dé sí. Lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 2006, sítíkà funfun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ya àwòrán táyà sí, tí wọ́n fi àwọ̀ yẹ́lò sí apá kan rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé àròpọ̀ ìwọ̀n èrò àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá iye báyìí kg, iye báyìí lbs (ìyẹn pọ́n-ùn, ìwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò). Iye tí a ń wá nìyẹn. Sítíkà kejì tí ó sábà máa ń wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà sí, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣásí rẹ̀, àti lẹ́tà GVWR, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ọkọ̀, èrò àti ẹrù lápapọ̀. Mo ti rí àwọn oníbàárà tí wọ́n gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n tẹ fèrè, tí wọ́n yẹ rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù wò, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa mọ́ sítíkà náà láìwò ó rárá.

Ohun tí ó yani lẹ́nu nípa iye tí ó wà lórí sítíkà ni pé ó lè yàtọ̀ gidigidi láàárín ọkọ̀ méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà. F-150 kan wà tí kò lè gbé ju nǹkan bí 700 kg lọ. Òmíràn wà, tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́, tí ó lè kọjá 1,400 kg. Ohun ìgbádùn ni ó sì sábà máa ń dín in kù: àga aláwọ tí ń fi iná yí sókè sódò, gíláàsì òrùlé, ríìmù táyà ńlá, ẹ̀rọ tí ń fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ní ìwọ̀n, inú àyè ẹrù ni ìwọ̀n wọn sì ti ń jáde. Nítorí náà, èyí tí àwọn oníbàárà wa ń pè ní fúlù ọ́póṣọ̀n, tí wọ́n ń san owó gọbọi lé lórí, ni ó sábà máa ń gbé ẹrù tí ó kéré jù nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nígbà tí èyí tí àga rẹ̀ jẹ́ aláṣọ lásán, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí fèrèsé rẹ̀, yóò wà ní igun ibẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nípa ọkọ̀ tuntun, ọ̀rọ̀ kan tí ó jọ èyí wà tí wọ́n máa ń sọ, pé ọkọ̀ òde òní ti di agolo, ti àtijọ́ ni ó lágbára. Láti F-150 ọdún 2015 ni Ford ti ń fi alumíníọ̀mù ṣe ara ọkọ̀ náà, tí ṣásí tí ó ru gbogbo rẹ̀ sì ṣì jẹ́ irin. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé àyípadà yìí àti àwọn mìíràn dín ìwọ̀n ọkọ̀ kù títí dé 700 lbs, ìyẹn nǹkan bí 318 kg. Kìlò tí ó kúrò lára ọkọ̀ di àyè tí ẹrù lè gbà, èyí tí ó tako ohun tí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ agolo ń rò. Ohun tí mo lè fi ṣe ìkìlọ̀ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo panẹ́bítà ni ó mọ bí a ti ń tún alumíníọ̀mù ṣe, nítorí ọ̀nà tí a ń gbà jó irin pọ̀ kọ́ ni a ń gbà jó o.

Àwọn kan á ní àwọn mọ ohun tí àwọn yóò ṣe: wọn á gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe sípíríǹgì, wọn á ní kí wọ́n fi ewé irin kan tàbí méjì kún un. Lóòótọ́, ìdí ọkọ̀ kò ní wọlẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bíréèkì kò pọ̀ sí i, béárìn kò nípọn sí i, táyà kò yí padà, ṣásí sì wà bí ó ṣe wà. Ohun tí sípíríǹgì tuntun náà ṣe ni pé ó gba àmì tí ojú fi ń mọ̀ pé ẹrù ti pọ̀ jù mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹrù tí ó pọ̀ lẹ́yìn á máa gbé iwájú ọkọ̀ fúyẹ́, sítíárìn á sì máa rọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ bí ẹni pé táyà iwájú kò kan ilẹ̀ dáadáa. Ní alẹ́, iná rẹ̀ á máa tàn sójú ẹni tí ń bọ̀. Lórí àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìhà Èkìtì ní gúúsù Kwara, níbi tí awakọ̀ ti ń tẹ bíréèkì léraléra, bíréèkì a gbóná débi pé a lè tẹ̀ ẹ́ kí ó má mú mọ́.

Bí a bá ti mọ iye tí ó wà lórí sítíkà, ìgbà náà ni ó tó kan ọ̀rọ̀ tuntun tàbí tòkunbọ̀. Iye náà jẹ́ ti ọkọ̀ bí ó ṣe jáde nílé iṣẹ́. Lára ọkọ̀ tuntun, a lè gbà á bẹ́ẹ̀. Lára tòkunbọ̀, ó di dandan kí a wo abẹ́ rẹ̀. Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yìí ni ó sì ń mú kí ṣásí dógùn-ún. Ní 2009, Toyota pe àwọn Tundra ọdún 2000 sí 2003 padà ní àwọn ìpínlẹ̀ olótùútù ní Amẹ́ríkà nítorí pé ìdógùn-ún ń jẹ ṣásí wọn débi tí táyà sípíà tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ fi lè já bọ́ lójú ọ̀nà. Kí ẹni tí ń ra ọkọ̀ mú òòlù kékeré, kí ó rọra máa kan ṣásí láti ibi táyà ẹ̀yìn lọ sí ibi tí wọ́n so sípíríǹgì mọ́. Irin tí ó pé yóò dún ketekete. Èyí tí ó ti kú yóò dún bọ̀lọ̀, èèpá rẹ̀ yóò sì máa wó bọ́. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n sọ pé ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti lò ó, kí ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń bò.

Táyà náà kò gbọdọ̀ yọ sílẹ̀. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé ìwọ̀n táyà ni ó ń sọ ẹrù tí táyà kan lè rù: 112 jẹ́ 1,120 kg, 116 jẹ́ 1,250 kg. Nọ́ńbà mẹ́rin mìíràn wà ní ìparí àkọlé ara táyà tí ó fi lẹ́tà DOT bẹ̀rẹ̀, tí ó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, tí 2319 fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀ táyà rẹ̀ sí èyí tí owó rẹ̀ rọ̀, tí agbára rẹ̀ kò tó ohun tí sítíkà béèrè.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra píkọ́ọ̀pù ńlá. Ẹni tí ń fi tírélà fa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ bọ̀hóòlù láti ìlú kan sí òmíràn, kò sí ohun tí yóò bá a mu jù ú lọ, bí ó bá lè gba owó epo rẹ̀ mọ́ra, nítorí Tundra V8 náà lè mu tó lítà mẹ́rìndínlógún ní 100 km, láìsí ẹrù rárá. Ẹni tí ń kó igba iṣu láti oko, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kìlò mẹ́ta, 600 kg ni ẹrù rẹ̀. Hilux tó o. Ẹni tí ń pọn omi sínú táǹkì 1,000 lítà ń gbé tọ́ọ̀nù kan gééré, láìka táǹkì fúnra rẹ̀. Bí ẹrù bá ń ju tọ́ọ̀nù kan lọ lójoojúmọ́, ọkọ̀ akẹ́rù bíi Canter tàbí Dyna ni kí ó wá, kí ó fi píkọ́ọ̀pù sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ńlá tàbí kékeré.

Bí sítíkà bá ti ṣí kúrò, bí ó ti sábà máa ń rí lára ọkọ̀ tí wọ́n ti tún kùn, nọ́ńbà ṣásí onílẹ́tà àti òǹkà 17 ṣì wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà awakọ̀, a sì lè fi í béèrè irú ọkọ̀ náà àti GVWR rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣojú ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n rọ epo kún táǹkì, kí wọ́n gbé e lọ sí orí ìwọ̀n tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù, irú èyí tí ó máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kí wọ́n wọ̀n ọ́n láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kí wọ́n sì yọ iye tí wọ́n bá rí kúrò nínú GVWR. Kódà bí sítíkà bá wà níbẹ̀, mo fara mọ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, nítorí bí ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó bá ti de irin ìdáàbòbò mọ́ iwájú rẹ̀, tí ó sì ti gbé àpótí irinṣẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, orí ìwọ̀n ni kìlò wọn yóò ti hàn, kò ní hàn lára sítíkà.