Omi Tó Wọ Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Àtijọ́ Gbọ́dọ̀ Rí Ọ̀nà Jáde

Bí òjò bá ti dé ní Àbújá, àwọn tó ni ọkọ̀ àtijọ́ á máa bẹ̀ mí pé kí n bá wọn dí ilẹ̀kùn pa kí omi má baà wọ̀ ọ́ mọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣàlàyé fún wọn ni pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé omi yóò wọ inú ilẹ̀kùn. Rọ́bà etí gíláàsì kàn ń nu èyí tó pọ̀ jù kúrò ni. Ìyókù á ṣàn gba ara gíláàsì bọ́ sí ìsàlẹ̀, á sì gba àwọn ihò kéékèèké tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ sẹ́yìn páálí inú ilẹ̀kùn ni kì í jẹ́ kó tọ́ sínú ọkọ̀.

Níhìn-ín, ọyẹ́ ló ń ba ètò yìí jẹ́. Eruku rẹ̀ á bá etí gíláàsì wọlé, á kó jọ sísàlẹ̀, bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀ sí i, ó di ẹrẹ̀ tó ń dí ihò.

Peugeot 504 kan, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, wá sọ́dọ̀ mi láti Kúbwà. Bí mo ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mo gbọ́ tí omi ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ nínú rẹ̀. Bàbá tó ni ín ní, “Ọ̀gá, rọ́bà tuntun ni mo rà o.” Mo ní, “Bàbá, rọ́bà yín ò lẹ́ṣẹ̀.” Ẹni tó kun ọkọ̀ náà kẹ́yìn ti fi pọ́tì dí gbogbo ihò, bóyá ó rò pé irin ló dógùn-ún tó fi lu. Nígbà tí mo gún un, omi tó dà jáde pupa bí èyí tí wọ́n fi osùn pò.

Ẹ fi ìka wá ihò wọ̀nyí lábẹ́ ilẹ̀kùn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ ìdọ̀tí inú wọn. Irin mímú á ha ọ̀dà, ibẹ̀ ni ìdógùn-ún á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá da ife omi kan sí etí gíláàsì níta, kí ẹ wò ó bóyá yóò jáde nísàlẹ̀. Bó bá jáde tí ẹsẹ̀ yín ṣì ń tutù nínú ọkọ̀, ọ̀rá ni kí ẹ yẹ̀ wò, nítorí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ gíláàsì ṣe sábà máa ń fà á ya, wọn kì í sì í dá a padà. Ọ̀rá tó nípọn, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń tẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré, á ṣe é. Ẹ lẹ òkè àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ irin, ṣùgbọ́n ẹ ki etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ inú ilẹ̀kùn, kí omi tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè padà síbi tí ihò wà.