Bí ìmìtìtì ilẹ̀ abẹ́ òkun ṣe ń fa sùnámì

Sùnámì ni ìgbì tó máa ń dìde tí nǹkan ńlá bá ṣàdédé ti omi òkun kúrò láyè ẹ̀, ìmìtìtì ilẹ̀ abẹ́ òkun ló sì sábà máa ń fà á. Kì í ṣe gbogbo ìmìtìtì ló ń fà á ṣá: ó gbọ́dọ̀ lágbára, kó má jìn jù nínú ilẹ̀, kó sì gbé ìsàlẹ̀ òkun sókè tàbí kó rì í wọlẹ̀.

Òkun Índíà, 2004

Ní ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Sumatra ní Indonéṣíà, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ń rọra yọ́ wọ abẹ́ ilẹ̀ tó kángun sí i. Ibi tí méjèèjì ti fara kanra há, etí èyí tó wà lókè wá ń tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tó di àárọ̀ ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ó já, ó ta padà sókè, ó sì gbé gbogbo omi orí ẹ̀ dání. Ibi tó ya gùn tó nǹkan bí 1,300 kìlómítà, ìwọ̀n ìmìtìtì náà jẹ́ 9.1. Àwọn tó kú lé ní 220,000.

Ìrìn ìgbì náà

Bí òkun bá ṣe jìn tó ni ìgbì yìí ṣe ń sáré tó. Níbi tí omi ti jìn tó 4,000 mítà, ó ń sá tó 700 kìlómítà láàárín wákàtí kan, síbẹ̀ sátẹ́láìtì Jason-1 tó kọjá lókè ní nǹkan bíi wákàtí 2 lẹ́yìn ìmìtìtì náà rí i pé ìgbì àárín òkun ò ju nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Tó bá dé ibi tí omi ò ti jìn, iwájú ẹ̀ á dẹwọ́ eré, ẹ̀yìn ẹ̀ á lé e bá, omi á wá ga. Ní Lhoknga nítòsí ìlú Banda Aceh ní Sumatra, omi gun òkè kọjá 30 mítà.

Bí agbára ẹ̀ ṣe ń dín kù

Omi jíjìn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba agbára lọ́wọ́ sùnámì, bó ṣe ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ ló ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Àmọ́ ibi tí ìgbì náà kọjú sí ṣe pàtàkì gan-an, bóyá ó tiẹ̀ ju bí ibì kan ṣe jìnnà tó lọ nígbà míì. Ìlà tó ya lọ́dún 2004 na láti gúúsù sí àríwá, torí náà ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ló gba èyí tó pọ̀ jù: Thailand, Síríláńkà, títí dé Sòmálíà tó jìn tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, ìgbì dé ibẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 7, ó sì pa èèyàn tó sún mọ́ 300. Báńgíládéṣì tó wà lápá àríwá sún mọ́ ìlà náà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, síbẹ̀ ẹni 2 péré ni ìròyìn sọ pó kú níbẹ̀. Àwọn òkè abẹ́ òkun náà máa ń darí ìgbì: èyí tó dé Callao ní Pérú, ní Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ga ju èyí tí wọ́n wọ̀n ní erékùṣù Cocos nínú Òkun Índíà, bẹ́ẹ̀ Cocos ò ju nǹkan bí 1,700 kìlómítà lọ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ètò ìkìlọ̀

Òkun Índíà ò ní ètò ìkìlọ̀ sùnámì lọ́dún 2004. UNESCO ló ṣáájú gbígbé ọ̀kan kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2006.