Dírónù ní Gatwick: kí ló dé tí wọn ò kàn yìn ín níbọn?

Ìbéèrè: Lóṣù Kejìlá ọdún 2018, ọ̀rọ̀ dírónù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀, ti pápákọ̀ òfurufú Gatwick pa. Ṣé Ìlú Ọba, pẹ̀lú gbogbo ológun wọn, ò lè yìn ín níbọn wálẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wọ́n níbọn. Ibi tí ọta máa bọ́ sí ló ń bani lẹ́rù. Ọta tó bá tàsé gbọ́dọ̀ balẹ̀ síbì kan, ìlú Crawley tó kún fún ilé ò sì jìnnà síbẹ̀. Lóru, ta ni yóò fojú sun ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ lókè réré? Bó bá tiẹ̀ bà á, bátìrì rẹ̀ lè já lé ẹnì kan lórí. Kò sì sẹ́ni tó máa jẹ́ kí bàálù elérò gbéra nígbà tí wọn ò mọ ibi tí dírónù náà wà. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún bàálù ni wọ́n fagi lé tàbí darí síbòmíì, èrò bí 140,000 ló fara gbá a, nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ díẹ̀.

Ìbéèrè: Rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì wá ohun tó ń fò, ńkọ́?

Ìdáhùn: Bàálù onírin ńlá ni wọ́n ṣe rédà pápákọ̀ fún. Dírónù kéré, ike ló pọ̀ lára rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń fò sí, ìrìn rẹ̀ sì jọ ti ẹyẹ. Bí wọ́n bá ní kí rédà máa mú ohun kékeré, gbogbo ẹyẹlé ìtòsí ló máa yọ lójú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ojú èèyàn ni wọ́n gbára lé ní Gatwick, ojú èèyàn sì ń ṣìnà. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan sọ pé ó ṣeé ṣe kó má sí dírónù kankan rárá, wọ́n sì tún yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Sussex, agbègbè tí Gatwick wà, fúnra rẹ̀ gbà pé dírónù tí àwọn ọlọ́pàá fi ń wá dírónù lè wà lára ohun tí àwọn èèyàn rí!

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò lè dí ìgbì tó ń darí rẹ̀?

Ìdáhùn: Wọ́n lè dí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dírónù ọjà ń lo ìgbì kan náà pẹ̀lú Wi-Fi. Bí wọ́n bá sì fọwọ́ kan GPS, ìyẹn ìgbì sátẹ́láìtì tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ibi tó wà, bàálù tó wà lókè náà ń lò ó. Dírónù tí wọ́n ti to ọ̀nà rẹ̀ sínú tẹ́lẹ̀ ò tilẹ̀ nílò rìmóòtù mọ́.

Ìbéèrè: Ẹyẹ idì ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọlọ́pàá Netherlands kọ́ idì láti gbá dírónù mú lọ́dún 2016. Lọ́dún 2017 wọ́n pa á tì: ó náni lówó, ẹyẹ náà kì í sì í fìgbà gbogbo gbọ́ràn.

Ìbéèrè: Òfin ńkọ́?

Ìdáhùn: Lóṣù Kẹta ọdún 2019, wọ́n sún ààlà tí dírónù ò gbọ́dọ̀ wọ̀ yí pápákọ̀ ká láti kìlómítà 1 sí 5. Ẹni tó fi ń ṣeré ló máa pa á mọ́, kì í ṣe oníbi. Ọ̀rọ̀ wíwá oníbi yìí ló dùn mí jù. Wọ́n mú tọkọtaya kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n tì wọ́n mọ́lé fún bí wákàtí 36, ìwé ìròyìn sì gbé orúkọ wọn káàkiri. Lọ́dún 2020, £200,000 ni ọlọ́pàá san lórí ẹjọ́ náà, títí kan owó agbẹjọ́rò. Títí dòní, wọn ò rí ẹni tó ṣe é. Bí mo bá lágbára, ẹ̀rọ tó ń tọ́ka ibi tí ẹni tó di rìmóòtù mú dúró sí ni mo máa kọ́kọ́ rà, kí n tó ra ohunkóhun tó ń yìnbọn.