Lásárù Padà Kú

Bí ọdún Àjíǹde bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ẹnì kan á ní kí n gbàdúrà sí òróró kí òwò òun lè jíǹde. Òmíràn ní wòlíì kan ti rí i sí òun pé ọkọ̀ òun tó ti kú sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá yóò jí ní Sọ́ńdè Àjíǹde. Mo ní kó lọ pe mẹkáníìkì. Ó bínú. Èmi náà bínú, torí ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, àwọn tí mo sì kọ́ ní kíláàsì ìtẹ̀bọmi fúnra mi ló ń bi mí ní irú nǹkan wọ̀nyí. Gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n ń ka Ìgbàgbọ́: “àjíǹde ara, àti ìyè àìnípẹ̀kun.” Ara la wí. A ò wí ọjà.

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí pé wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú lọ́jọ́ Ẹtì, pé ibojì ṣófo láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ẹni tó bá ti gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì rí mọ ìyẹn. Èyí tí wọn ò mọ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni kí a jí òkú, ọ̀tọ̀ ni àjíǹde. Lásárù ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì kí Jésù tó jí i. Ó jí ọmọ opó Náínì, ó jí ọmọ Jáírù. Pétérù jí Dọ́káàsì ní Jópà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n wà lónìí? Wọ́n padà kú. Lásárù dà bí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra ní Ẹ̀pẹ́, tó ṣẹ́rí padà sí èbúté tó ti gbéra. Jésù ò ṣẹ́rí. Ó la ọ̀sà já sí òdìkejì, níbi tí ikú ò lè dé mọ́. Ìdí nìyí tí Pọ́ọ̀lù fi pè é ní àkọ́so: àgbẹ̀ tó bá ti ya àgbàdo àkọ́kọ́ mọ̀ pé ìyókù ń bọ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ gèlè. Àwọn tó mọ̀ mí ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, torí mi ò lè wàásù Àjíǹde kí n má dé ibẹ̀. Jòhánù orí 11 ní nígbà tí Lásárù jáde, aṣọ òkú ṣì dì í tọwọ́ tẹsẹ̀, gèlè sì wà lójú rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n tú u. Ní orí 20, Pétérù wọ ibojì Jésù, ó rí aṣọ ọ̀gbọ̀ nílẹ̀, ó sì rí gèlè orí rẹ̀ tí a ká sí ọ̀tọ̀. Lásárù gbé aṣọ òkú tirẹ̀ jáde torí yóò tún lò ó. Jésù fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún rántí pé Nikodémù ti gbé nǹkan bí 100 ìwọ̀n òjíá àti álóè wá, wọ́n dì í pọ̀ mọ́ aṣọ náà. Àwọn tó ní wọ́n jí òkú náà gbé, olè wo ló ráyè tú irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tó tún wá jókòó ká gèlè?

Ìtàn kan wà tó ń káàkiri lórí WhatsApp lọ́dọọdún, pé nílẹ̀ Júù ayé ìgbà yẹn, bí ọ̀gá bá jẹun tó ká aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀, ó ń sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ pé òun ń padà bọ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Aṣọ ojú òkú ni Jòhánù ń sọ, kì í ṣe aṣọ ìdí oúnjẹ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá rí i kedere, ni wọ́n ṣe pè é ní gèlè. Ta ló ń fi gèlè nu ọbẹ̀ lẹ́nu? Ènìyàn mẹ́rin ló fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún yìí. Ọ̀kan nínú wọn, àlùfáà bíi tèmi ni. Ojú bá mi tì í.

Nígbà tí Jésù fara hàn wọ́n, àwọn ọmọ ẹ̀yìn pàápàá kọ́kọ́ rò pé iwin ni, irú èyí tí àwa ń pè ní àkúdàáyà. Ṣùgbọ́n ìlú tí ẹnì kankan ò ti mọ̀ ọ́n ni àkúdàáyà máa ń sá lọ. Ọjọ́ tí ará ilé bá já lù ú, ó ti pòórá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó ni Jésù lọ. Ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n dì òun mú. Ó béèrè oúnjẹ, wọ́n fún un ní ẹja yíyan, ó jẹ ẹ́ lójú wọn. (Lúùkù ò sọ irú ẹja tó jẹ́. Àwọn ará Ọjà Olúwo, ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ wa, máa ń bi mí.) Ní ti Babátúndé àti Yétúndé, mo ti ṣe ìtẹ̀bọmi fún wọn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, mi ò bá orúkọ jà, orúkọ ìtùnú ni. Jésù ò kúkú gba ara ọmọ ẹlòmíràn wá.

Ohun tó jẹ́ kí n le báyìí nìyí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ibà pa ọkùnrin kan lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹja gbígbẹ ni ìyàwó rẹ̀ ń tà. Kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí mi, ẹnì kan nínú ẹbí ti mú wòlíì kan wá, ó ní kí wọ́n má gbé òkú lọ sí mọ́ṣúárì, pé ní Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹta, yóò jí bíi ti Jésù. Ó gba owó àbẹ́là. Ó gba owó òróró. Ó gba owó ààwẹ̀ fún àwọn méje tí yóò bá a gbàdúrà. Èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń san owó ààwẹ̀. Wọ́n ń ra yìnyín, wọ́n ń kọrin. Kí ilẹ̀ Sọ́ńdè tó mọ́, wòlíì ní òun fẹ́ gorí òkè lọ, òun ń bọ̀. A ò rí i títí dòní. Kó tó lọ, ó sọ fún obìnrin náà pé bí ọkọ rẹ̀ ò bá jí, àìnígbàgbọ́ rẹ̀ ló fà á.

Àwọn aládùúgbò, Mùsùlùmí, ló pè mí láàárọ̀ Mọ́ńdè, torí òórùn ti dé títì. Àwọn náà ló bá wa gbẹ́ ilẹ̀, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ kan. Òkú ò ṣeé wẹ̀ mọ́. Obìnrin náà dì mí lọ́wọ́ mú: “Bàbá, ṣé ìgbàgbọ́ mi ni ò tó ni?” Mo ní Màtá fúnra rẹ̀ ló sọ pé Lásárù ti ń rùn, Jésù sì jí i bẹ́ẹ̀ náà. Mo ní àwọn obìnrin tó lọ síbojì láàárọ̀ Sọ́ńdè, ohun olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń kun òkú ni wọ́n gbé dání. Kò sẹ́ni tó ń retí àjíǹde nínú wọn. Ìgbàgbọ́ wọn kọ́ ló yí òkúta kúrò. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo ojú ọkọ rẹ̀, wọ́n kan pósí.

Ní Àjíǹde tó kọjá, ó dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, “Bàbá, gèlè mi ńkọ́? Ṣé òun náà á ká a sí ọ̀tọ̀?”

Mo ní á ká a.

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ́ra, ọkùnrin yẹn ò ká aṣọ kan rí.