Ojú ọ̀run tó pọ́n bí epo: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ooru, èéfín àti ìgbà ìwọ́wé ní California

Oakland ni mò ń gbé, òdìkejì omi sí San Francisco. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí: "Ṣé iná igbó yẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín?" Wọn ò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà rú èmi tí mo wà níbí pàápàá lójú fún ọdún mélòó kan. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù jọ síbí.

Àǹtí mi ní Ìbàdàn: "Mo rí fọ́tò ìlú yín lọ́dún 2020, ojú ọ̀run pọ́n bí epo. Ṣé àárín ìlú ni iná ti ń jó ni?"

Rárá, Àǹtí. Ọjọ́rú, ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ni. Mo jí ní aago 7, mo rò pé aago mi ló bàjẹ́, torí ilẹ̀ ò mọ́. Nígbà tó fi máa di aago 10, gbogbo ojú ọ̀run ti dà bí inú ọsàn tó pọ́n dénú. Iná títì ṣì ń tàn, gbogbo mọ́tò ló tan iná iwájú. Mo fẹ́ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí yín, fóònù mi ò gbà: bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ eérú ló ń gbé jáde. Ó ka pípọ́n yẹn sí àṣìṣe, ó sì ń bá mi tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rí irú ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Iná jìnnà sí wa. Ní àárín oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àrá sán, mànàmáná kọ káàkiri, ṣùgbọ́n òjò tó bá a wá ò tó nǹkan. Igbó ràn ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀kan nínú àwọn iná náà, èyí tí wọ́n pè ní August Complex, jó ju mílíọ̀nù kan éékà lọ. Lẹ́yìn náà ni ooru ńlá tún dé: ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, ó wọ 49 Celsius ní Woodland Hills, àdúgbò kan ní Los Angeles. Ẹ̀fúùfù wá gbé èéfín gbogbo igbó wọ̀nyí wá sórí wa.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè nínú. Ègé inú èéfín igi kéré gan-an, ó sì máa ń dá búlúù lọ́nà ju pupa lọ. Bí èéfín bá wá nípọn tó ti ọjọ́ yẹn, pupa àti àwọ̀ ọsàn nìkan ló ń ráyè jáde sísàlẹ̀.

Òun náà ló tún béèrè: "Ọyẹ́ náà ń bo oòrùn lójú níbí. Kí ló dé tí tiwa ò pọ́n bẹ́ẹ̀?"

Eruku aṣálẹ̀ ni ọyẹ́ ń gbé wá. Ègé eruku tóbi ju ti èéfín lọ, gbogbo àwọ̀ ló sì ń tú ká bákan náà. Ìdí nìyẹn tí oòrùn ọyẹ́ fi máa ń funfun bí òṣùpá.

Àbúrò mi ọkùnrin: "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lẹ ṣe wá ń mí lọ́jọ́ yẹn?"

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run pọ́n tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tí à ń mí ò burú tó bí ojú ṣe rí i. Omi òkun wa tutù, ó sì máa ń rán kùrukùru wọ̀lú. Afẹ́fẹ́ tútù yẹn wúwo, ó tẹ́ sórí ilẹ̀ bí ẹní, èéfín sì ń kọjá lókè rẹ̀. Òtútù gan-an ló mú wa lọ́sàn-án, nítorí oòrùn ò ráyè kan ilẹ̀.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, pípọ́n ti lọ, ojú ọ̀run wá funfun bí ìgbà ọyẹ́. Àwọn èèyàn ní ó ti tán. Àṣé èéfín ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa! Ọ̀nà ọ̀fun mi ń ta mí, ojú mi ń yún, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ sì ti kọjá 200. Láti ìgbà náà ni mi ò ti gba ojú mi gbọ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ èéfín.

Nọ́ńbà ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní AQI. Tí ò bá ju 50 lọ, afẹ́fẹ́ dára. Tó bá ti kọjá 150, ó ti di ewu fún gbogbo èèyàn. Tó bá kọjá 300, kí oníkálukú jókòó sílé. Ẹ lè rí i fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà lórí fire.airnow.gov. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n jù nínú èéfín ni PM2.5, ègé tó kéré débi pé bí 30 rẹ̀ ló máa tò jọ kó tó fẹ̀ tó irun orí kan. Ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà níbí, aṣọ tí a rẹ sómi tí a fi di imú ò lè dá a dúró. Ìbòmú N95 ni kẹ́ ẹ lò, kó sì lẹ̀ mọ́ ojú yín dáadáa.

Nínú ilé, mo ra fílítà afẹ́fẹ́ mẹ́rin tó ní nọ́ńbà MERV 13 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí fílítà ṣe ń mú ègé kéékèèké tó), mo fi téèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀ bí àpótí, mo fi páálí dí ìsàlẹ̀, mo sì gbé fáànù onígun mẹ́rin lé e lórí, kó máa fa afẹ́fẹ́ gba inú fílítà, kó sì máa fẹ́ ẹ sókè. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, fílítà tó funfun nígbà tí mo rà á ti dà bí ìdí ìkòkò tí a fi igi dáná sí. Inú àyà wa ni gbogbo ẹ̀ ì bá wọ̀.

Àbúrò mi tún ní: "Ṣebí ìgbà ooru ti ń parí lọ nígbà yẹn? Kí ló dé tí iná tún ń le sí i?"

Níbí, ìgbà ooru ni ẹ̀ẹ̀rùn wa. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni òjò pọ̀ jù. Bí oṣù karùn-ún bá ti wọlé, ó di ẹ̀yìn oṣù bíi mélòó kan kí òjò tó tún rọ̀. Rántí bí oko Bàbá ṣe máa ń rí ní oṣù kejì: ìràwé ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹnì kan á dáná sungbó, màjàlà á sì fò wá bà lórí aṣọ tí Màmá sá. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni oṣù kejì tiwa.

Ẹ̀fúùfù tún wá dá kún un. Bí ìgbà ìwọ́wé (autumn) bá ń wọlé, òtútù á kọ́kọ́ balẹ̀ sí aṣálẹ̀ àárín ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á wúwo, á sì máa wá ọ̀nà etí òkun. Ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, afẹ́fẹ́ tó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ ń gbóná bí ìwọ̀n 10 Celsius ní gbogbo 1,000 mítà. Bó ṣe ń gbóná ló ń gbẹ. Lọ́dọ̀ wa wọ́n ń pè é ní Diablo, ní gúúsù wọ́n ń pè é ní Santa Ana. Ìgbà tí a retí kí ara tù wá ló ń dé. Lóru ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 2017, ó gbé iná wọ ìlú Santa Rosa, èèyàn 22 kú. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2018, iná jó ìlú Paradise, èèyàn 85 ló bá a lọ. Ó ṣì ń dùn mí tí mo bá rántí.

Àǹtí mi: "Oṣù wo wá ni kí n wá kí yín? Ẹ mọ̀ pé mo ní asthma."

Òjò nìkan ló ń parí ẹ̀, Àǹtí. Lọ́dún 2018, èéfín Paradise wà lórí wa fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti ilé ìwé, àfìgbà tí òjò rọ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá. Mo jáde síta láìmú agboòrùn. Ẹ má wá ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, bí tíkẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ pọ́ọ́kú. Ẹ wá ní oṣù kẹrin. Gbogbo òkè ẹ̀yìn ilé wa á ti tutù yọ̀yọ̀, ẹ ó sì lè ṣí fèrèsé sùn.