Fláàṣì Yẹn Ò Kú: Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Tuntun Ń Wá Kó Tó Jí

Gbólóhùn kan kì í pẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ádó-Èkìtì: "Fláàṣì yìí ti kú, ẹ lọ ra òmíràn." Oníbàárà tó fẹ́ fi fláàṣì gbé Windows tuntun tàbí Linux, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ á ra òmíràn, wọ́n á kì í bọ ihò, kọ̀ǹpútà á tún ṣe bí ẹni tí kò rí i, á sì gbé Windows tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ jáde wẹ́rẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan kan ò ṣe fláàṣì. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń wá ni kò sí nínú rẹ̀.

Ti pé kí a máa tẹ̀ F12, F9 tàbí Esc léraléra láti yan ibi tí kọ̀ǹpútà máa ti jí, ìyẹn ò le. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́, láti ìgbà tí IBM ti gbé tirẹ̀ jáde ní 1981, kì í béèrè púpọ̀. BIOS, ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà, á ka báìtì 512 àkọ́kọ́ nínú díìsìkì; bó bá ti rí àmì kékeré kan ní ìparí rẹ̀, ó parí. Ẹni tó bá bá lẹ́nu ọ̀nà ni baálé ilé. UEFI, tó rọ́pò BIOS nínú àwọn tuntun, ò gba irú ìyẹn. Orúkọ ló ń pè. Nínú kọ̀ǹpútà Intel tàbí AMD, á wá fódà tó ń jẹ́ EFI, á wọ BOOT nínú rẹ̀, á wá fáìlì BOOTX64.EFI. Bí kò bá bá a níbẹ̀, kò ní yalé kiri láti wá a.

Ibí yìí làwọn tó kàn da ISO, ìyẹn fáìlì kan tí wọ́n di odindi Windows tàbí Linux sí, kọ sínú fláàṣì bí ẹní da orin kọ ti ń ṣìnà. ISO, iṣu tó ṣì wà nínú èèpo ni. Kí ọmọ Èkìtì gbé odindi iṣu tútù sínú odó, kó bu ọbẹ̀ tì í, kó ní iyán ti délẹ̀! Ètò bíi Rufus tàbí Etcher ló ń bó o, tó ń gún un. Láìsí èyí, àlejò, ìyẹn kọ̀ǹpútà, ò ní bínú, kò ní sọ nǹkan kan. Á kàn dìde lọ jẹun nílé kejì, ilé kejì yẹn sì ni díìsìkì inú kọ̀ǹpútà. Abọ́ náà, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n gbà to inú fláàṣì, tún ní ìwọ̀n. FAT32 ni gbogbo UEFI mọ̀ ọ́n kà, àmọ́ FAT32 ò gba òkèlè tó bá ju 4GB lọ, bẹ́ẹ̀ install.wim, fáìlì ńlá inú ISO Windows, sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Rufus fi máa ń lo abọ́ ńlá tó ń jẹ́ NTFS, tó sì ń fi abọ́ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó máa kọ́ UEFI bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ká ní iyán ti kúná, Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ inú UEFI, ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Láti ayé Windows 8, ní 2012, ló ti gbilẹ̀: fáìlì tí kò bá ní òǹtẹ̀ tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ò ní wọlé. Òǹtẹ̀ Microsoft ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Ubuntu àti Fedora, tí wọ́n jẹ́ irú Linux, ti gba tiwọn, àmọ́ àwọn kọ̀ǹpútà tuntun kan wà tí wọ́n ti pa ààyè òǹtẹ̀ àwọn ará ìta láti ilé iṣẹ́, tí Ubuntu pàápàá ò fi ní wọlé àfi kí a lọ ṣí i nínú sẹ́tìnsì. Ọgbọ́n ńlá ni, torí kòkòrò tó bá ṣáájú Windows jí, ó ṣòro fún antivirus láti rí i. Àmọ́ kéèyàn fowó ara rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà, kó tún máa wojú Microsoft kó tó gbé Linux sí i, ìyẹn ò tọ́ rárá. Èyí tó tún burú ni pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kì í sọ ohun tó fà á. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń ta fláàṣì tuntun.

Secure Boot ṣeé pa, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wo BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti díìsìkì pa. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows 11 ni díìsìkì wọn ti wà ní títì tí olówó wọn ò mọ̀. Tí a bá pa Secure Boot, Windows lè béèrè kọ́kọ́rọ́ onídíjíìtì 48 kó tó ṣílẹ̀kùn. Inú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí kọ̀ǹpútà náà ló sábà máa ń wà. Ẹ dà á kọ sórí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.